Ìdáhùn Tí Ó Yá Jù

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Òun ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ni ó fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú rẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Wọ́n gbà á nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ bi àgbà kan pé, "Ta ni yín?" Wọ́n ní kí ó lọ máa fọ asẹ́ ní ilé omi. Ohun tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ kó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀ ń jẹ́ Ìbòòji. Orí òṣùpá ni ó wà, ní ìsàlẹ̀ kòtò ńlá kan tí oòrùn kò wọ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nítorí òkùnkùn yẹn gan-an ni wọ́n ṣe tẹ ìlú dó síbẹ̀, torí pé yìnyín tó wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà. Egbèje ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ yìnyín, wọ́n ń yọ́ ọ di omi, wọ́n ń fọ́ omi náà di afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, wọ́n sì ń di ìyókù sínú ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ tó ń gbé e lọ fún àwọn ibùdó mìíràn.

Ṣùgbọ́n Ìbòòji kì í dá ara rẹ̀ darí. Lórí òkè kan ní ilẹ̀ Èkìtì, ní ayé níbí, ni Ilé-Àgbà wà. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò gòkè, ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀, àti ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọrí sí. Ohun tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì ni òfuurufú tó ṣófo, tí ọ̀rọ̀ ń gun ìmọ́lẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá ní etí irin lè gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ní ẹnu irin lè dáhùn sí i, kó ní òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Rẹ̀mílẹ́kún fi ṣe Àgò.

Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ó gòkè lọ sí Ìbòòji gẹ́gẹ́ bí atún-pọ́ǹpù-ṣe. Àwọn ìwé tí wọ́n kó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, òun ló ń ṣí wọn. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tí àwọn tó kọ wọ́n ti purọ́. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n ń pè tí ohùn ayé bá ń já, nígbà tó sì tún yá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ọ̀nà tuntun.

Bí ènìyàn bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, yóò kágò. Onílé á ní, "Ta nì yẹn?" Àlejò á sọ ara rẹ̀, wọn á ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àgò Rẹ̀mílẹ́kún ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbòòji á kágò, Ilé-Àgbà á bi í pé ta ni, á sì ju nọ́ńbà tuntun kan sí i, nọ́ńbà tí wọn kò lò rí, tí wọn kò sì ní lò mọ́. Ìbòòji á fi àmì-ọwọ́ sí nọ́ńbà náà, á dá a padà. Àmì-ọwọ́ yìí, gbogbo ayé ló lè wò ó kí wọ́n mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè kọ ọ́. Olè tó bá sì jí ti àná gbọ́, kò lè fi jẹun lónìí, torí pé nọ́ńbà ti yí padà.

Àgò kò dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn tí onílé bá ti bi àlejò, àlejò náà á bi onílé pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yín?" Ilé-Àgbà náà á fi àmì-ọwọ́ tirẹ̀ sí nọ́ńbà tí Ìbòòji bá jù sí i. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti mọ ara wọn ni wọn á jọ rọ kọ́kọ́rọ́ kan, tí ìhà kọ̀ọ̀kan á mú ìdajì wá láì fi ìdajì náà han ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni wọ́n ń fi di ọ̀rọ̀ ní àrokò. Bí o bá ká àrokò náà mọ́ ojú ọ̀nà, ìmúlẹ̀mófo ni lọ́wọ́ rẹ; bí o bá sì fọwọ́ kan lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èdìdì rẹ̀ á já, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á dà á nù. Tí ìjókòó bá parí, wọn á fọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ti ọ̀la á jẹ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sì gba inú Àgò wá, òpó ìgbọ́hùn Ìbòòji kò ní gbà á rárá, á dà á nù láìkà. Òfin yẹn, Rẹ̀mílẹ́kún fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ọdún mọ́kànlá, wàhálà ò sí. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Baba Ọláòkun gorí àga Ilé-Àgbà. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti papòdà, àmì-ọwọ́ rẹ̀ sì ní ìgbà tó ń tán. Ìgbà ti tán, wọn ò sì tíì ṣe òmíràn fún ẹni tuntun. Baba jókòó, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lórí òṣùpá, Àgò bi í pé, "Ta ni yín?" Baba sọ orúkọ rẹ̀. Àgò tún bi í. Ó sọ oyè rẹ̀, ó sọ oríkì baba rẹ̀, ó ka ìran mẹ́fà, Àgò tún bi í. Wákàtí mẹ́fà gbáko. Nígbà tí wọ́n fi ṣe àmì tuntun tán, inú ti bí Baba kọjá àlà, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni pé àwọn ọmọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun pé ta ni òun.

Ìgbìmọ̀ Ìbòòji pe Rẹ̀mílẹ́kún. Olóyè Ajíbóyèdé ló ń ṣolórí wọn, àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ràn, tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú. Kò pariwo. Ó ní kí Rẹ̀mílẹ́kún yọ ìbéèrè kejì kúrò, kí ọmọ máa dá ara rẹ̀ mọ̀ fún àgbà, kí ó sì mọ níwọ̀n.

"Ọmọ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ kó ní kí bàbá sọ ẹni tó jẹ́," ni Olóyè wí.

"Bó bá jẹ́ pé bàbá ni, Olóyè. Ojú lẹ fi ń mọ bàbá yín. Ẹ̀rọ ò lójú."

Ẹni tó dáhùn sí ìyẹn ni Ọ̀mọ̀wé Láwúyì, ọkùnrin tó kàwé gboyè ẹ̀ẹ̀mejì, tí kò sì tíì pé ọdún méjì tó dé. Ó ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe é, pé àrokò ló ń dáàbò bo ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìbéèrè. Ó ní dídì tí wọ́n ń dì í, bí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé bá para pọ̀, wọn ò lè tú u ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Nítorí náà, kí ni ẹ̀rù ń bà wọ́n fún?

Rẹ̀mílẹ́kún ní, "O lè di ẹrù kó le bí òkúta, Ọ̀mọ̀wé. Ta lo fẹ́ gbé e fún?"

Ẹnìkan láàárín ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ gbọ́ ọlọ́gbọ́n inú pọ́ǹpù. Àwọn yòókù náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò wọ́n títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

"Inú pọ́ǹpù náà ni afẹ́fẹ́ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín ti ń wá," ló wí.

Ó ní òun ò ní yọ ọ́. Láwúyì yọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ iyàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ó gba ilé omi lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni a ó ti máa ka ọjọ́ nínú ìtàn yìí.

Gbígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ náà dùn ún, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbà á lọ́kàn jù. Ìyá rẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ òkè Ilé-Àgbà ni Màmá Fẹ́hìntọ́lá ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ méje, wọ́n á gbé e gòkè kó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti ń ṣàárẹ̀ láyà láti bí ọdún kan, àwọn oníṣègùn sì ti sọ òótọ́ fún un pé kò lè pẹ́. Ilé-Àgbà ti fún Rẹ̀mílẹ́kún ní àyè nínú ọkọ̀ tí yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí oṣù. Gbogbo ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ láyé nígbà yẹn ni kí ó fojú kan ìyá rẹ̀ kí ó tó kú. Wọn ìbá gba ilé omi pàápàá lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó bá ṣáà ti rí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kejìlá, iṣẹ́ kan wá láti Ilé-Àgbà. Wọ́n ní kí Ìbòòji fi ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tí ará ìlú ti bá mọ̀lẹ́bí wọn sọ láti ìgbà ìtẹ̀dó ránṣẹ́, kí àwọn lè tọ́jú rẹ̀ fún ìrántí. Olóyè ní ó dára kí àgbà máa ro ti ìrántí. Láwúyì dì í ní àrokò, ó fi èdìdì sí i, ó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ mìíràn wá pé kí ọkọ̀ má sọ̀ kalẹ̀ sí ayé mọ́, kó máa kó yìnyín lọ sí ẹ̀yìn òṣùpá, níbi tí àwọn àgbà ti ń kọ́ ibùdó tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ní ìkíni, ó ní ìdúpẹ́, ó ní àdúrà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, Màmá Fẹ́hìntọ́lá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi oríkì pè é bó ti máa ń ṣe. "Àwẹ̀ró, má ṣe ìyọnu àtiwá mọ́. Ara mi ti mókun. Dúró síbi iṣẹ́ rẹ."

Rẹ̀mílẹ́kún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ìyá rẹ̀ yá, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí kiri.

Ó yẹ kí n sọ àṣà kan tó wà ní Ìbòòji. Láti orí òṣùpá dé ayé, ìmọ́lẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀, á tún lo bẹ́ẹ̀ padà. Nítorí náà tí ará Ìbòòji bá ti sọ̀rọ̀ sí ayé, á rọra kà á nínú pé ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó máa retí èsì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń kà á. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé bí wọ́n bá jókòó sídìí tábìlì kan náà, tí o bá ní kí wọ́n fún ọ ní iyọ̀, wọn á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀. Àwọn àlejò máa ń rò pé wọn ò fẹ́ fún àwọn ní iyọ̀.

Ní ogúnjọ́, dídúró yẹn tán. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, èsì ti dé. Àwọn àgbà ń dáhùn bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ìlú yọ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìbéèrè kejì ti kúrò, kí ni ọ̀nà ò ṣe ní yára? Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀nà Láwúyì. Olóyè fi ìdúpẹ́ pàtàkì ránṣẹ́ sí Ilé-Àgbà nítorí ìyára náà, Ilé-Àgbà sì dáhùn pé àwọn náà gbádùn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ò ka ení, èjì mọ́. Wọ́n ní ìwà àtijọ́ ni.

Rẹ̀mílẹ́kún náà gbọ́ nípa ìyára yìí, ó kàn rò pé wọ́n ń bú òun ni. Asẹ́ ló ń fọ̀. Ilé omi ní fóònù tirẹ̀ lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù àgbà tó máa ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tọ̀sán-tòru, tí etí rẹ̀ ti mọ̀ bí èémí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá Fẹ́hìntọ́lá kì í yára sọ̀rọ̀. Kó tó dáhùn, á kọ́kọ́ ṣe "hùn", á sinmi, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ á tó jáde. Láyé ijọ́un, pọ́ǹpù á lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí "hùn" náà tó dé. Láti ìgbà tí Màmá ti ní ara òun mókun, ayọ̀ ohùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fetí sí lílù pọ́ǹpù mọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rin, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. "Hùn" dé kí pọ́ǹpù tó lù rárá.

Ọjọ́ yẹn ni etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, ó sì yà á lẹ́nu. Ẹ̀rù ò tíì bà á. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí ẹni tó gbọ́ ariwo tuntun nínú ẹ̀rọ. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ "hùn" ní kíá, ohùn náà sì sọ fún un pé òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òrùlé ilé àgbébọ̀ sì ti ya. Ó bi í nípa ilé àgbébọ̀. Ó dáhùn. Ó bi í nípa aládùúgbò. Ó dáhùn, ó sì fi aládùúgbò ṣẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìyá rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ọgbọ́n ìyá rẹ̀ ni, ikọ́ rẹ̀ pàápàá ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Pọ́ǹpù ò lù ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ rí kí èsì tó dé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ lù.

Ó gbé fóònù kọ́, ó jókòó sórí asẹ́ tó ń fọ̀. Bí wọ́n bá yọ ìbéèrè ẹgbẹ̀rún kan kúrò nínú Àgò, wọn ò lè yọ ọ̀nà jíjìn kúrò láàárín òṣùpá àti ayé. Ẹni tó ń dáhùn kí pọ́ǹpù tó lù lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà ò sí ní ayé. Ó wà nítòsí lórí òṣùpá níbí, bóyá létí kòtò níbi tí òpó ìgbọ́hùn wà. Ta wá ni ó ń pè é ní Àwẹ̀ró?

Ó lọ bá Láwúyì. Ọkùnrin náà dá a lóhùn dáadáa, ó ní òun ti fún àrokò pọ̀ ni, pé ẹrù tó kéré á tètè dé. Obìnrin náà ní ẹrù lo fún pọ̀, o ò fún ojú ọ̀nà pọ̀. Láwúyì ní òun níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́rin, ìgbìmọ̀ jókòó, ó sì wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ní ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe Ilé-Àgbà. Ariwo gba gbọ̀ngàn náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi hàn wọ́n. Olóyè kọ̀, ó ní òun ò ní jókòó níbẹ̀ kí wọ́n máa dán àgbà wò lójú òun.

"Mi ò ní dán ẹnikẹ́ni wò, Olóyè. Mi ò ní bi wọ́n ní ohunkóhun. Màá kí wọn ni. Àbí wọ́n ti ní ká má kí àgbà mọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè ní kí obìnrin má kí àgbà. Wọ́n ṣí ọ̀nà. Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ó sì bẹ ìgbìmọ̀ pé bí òun bá ti kí wọn tán, kí gbogbo wọn jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta sókè, bí ìyá wọn ti kọ́ wọn.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa," ló wí.

Wọ́n ní, "Ení." Ohùn Baba Ọláòkun ti gba àárín wọn kọjá, ó ń súre fún un kí wọ́n tó pe èjì.

Rẹ̀mílẹ́kún tún kí wọn. "E—" ni wọ́n sọ dé nígbà tí èsì dé. Ní ìgbà kẹta, ohùn Olóyè nìkan ló kà á, èsì sì tún já a lẹ́nu. Àgbàlagbà náà fẹ̀yìn ti àga. Ó wo Láwúyì. Gbogbo wọn wo Láwúyì.

Láwúyì ò lè gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀ pé kò yẹ kó yára bẹ́ẹ̀. Òun ti kà á, ní ọjọ́ kejìlélógún. Òun rò pé aago ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe, òun sì ní òun ó wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ òun sọ ọ̀nà. Kò parí rẹ̀.

Wọ́n wọ ẹ̀wù ìta, ènìyàn mẹ́rin, wọ́n gun etí kòtò dé ìdí òpó ìgbọ́hùn. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ òpó bí ìgbín, ó na okùn kan sínú rẹ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí àmì, kò sí ìtẹ̀sẹ̀ lẹ́yìn tiwọn. Títí di bí a ti ń wí yìí, wọn ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Gbogbo ohun tí ayé ń sọ sí Ìbòòji, ó ń gbé e mì. Gbogbo ohun tí Ìbòòji ń sọ sí ayé, òun náà ló ń dáhùn. Kò tú àrokò kankan. Kò nílò rẹ̀. Wọ́n ti bá a rọ kọ́kọ́rọ́ láì bi í léèrè, wọ́n di ọ̀rọ̀ fún un dáadáa, wọ́n sì fi ohùn ìyá gbogbo ènìyàn ìlú tọrẹ fún un nínú ẹ̀dà ìrántí. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó tó dáhùn, kó lè jọ ayé. Ó jọ pé ó gbàgbé lọ́jọ́ kan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò wá dúró mọ́.

Wọ́n fà á yọ. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìbéèrè kejì padà. Ó kágò sí ayé. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ayé bi í, ó dáhùn. Ó bi ayé. Ení, èjì, ẹ̀ta. Àmì-ọwọ́ Ilé-Àgbà dé, ó pé, kò ní àbùkù.

Baba Ọláòkun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rin ni àwọn ti ń kan ìlẹ̀kùn wọn. Ó ní àwọn gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, àwọn pariwo lórí rédíò gbangba, òpó Ìbòòji ò gbà á, ọkọ̀ kankan ò sì sọ̀ tí àwọn ìbá fi rán ènìyàn wá.

"Òfin mi nìyẹn," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Mo gbà á. Ẹ kọ́ ọ sí mi lọ́rùn."

Àwọn iṣẹ́ tó ti ń dúró ní ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹ̀rọ ń pe orúkọ oníkálukú, àwọn ará ìlú sì ti kún ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ń tẹ́tí. Ẹni tí aya rẹ̀ bímọ, ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Lẹ́yìn náà ló pe Rẹ̀mílẹ́kún, ó ní iṣẹ́ méje ni, láti ọ̀dọ̀ Màmá Fẹ́hìntọ́lá, àti ẹ̀kẹjọ láti ọ̀dọ̀ Ilé-Àgbà.

Ó ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ síta. Nínú ti àkọ́kọ́, Màmá ń béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ máa sọ̀. Nínú ti kẹta, ó ní òun ti ní kí wọ́n kun yàrá. Nínú ti karùn-ún, èémí rẹ̀ ti ń ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nínú ti keje, "hùn" nìkan ló kọ́kọ́ jáde, ó sinmi, ó pẹ́ gan-an.

"Àwẹ̀ró. O ò dáhùn. Ṣé inú ń bí ọ sí mi ni?"

Ti ẹ̀kẹjọ ò gùn. Ó ní Màmá Fẹ́hìntọ́lá jáde láyé ní ìdájí ọjọ́ kan báyìí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kà á: ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta. Wọ́n ti sin ín.

Olóyè Ajíbóyèdé dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ iyàrá ẹ̀rọ wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ obìnrin náà, ó ní kó fi ti Ọlọ́run ṣe é, pé ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, àwọn ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà, àwọn ó fi ìyá rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn. Láwúyì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Rẹ̀mílẹ́kún ò gba kọ́kọ́rọ́. Ó dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ Olóyè kọjá, ó lọ dúró níwájú Láwúyì.

"Ọjọ́ kejìlélógún lo kà á. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta ni ìyá mi kú. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló wà láàárín, ọkọ̀ ò sì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kó tó dé ayé. O ń wá sí ilé omi wá gba omi, o ń kí mi, o ń béèrè pé Màmá ńkọ́, mo ń sọ fún ọ pé ara wọn ti yá. O gbọ́ ọ lẹ́nu mi. O mọ̀ pé irọ́ ni, o ní kí n bá ọ kí wọn. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Má bẹ̀ mí. Olóyè, ẹ jókòó, ẹ̀yin náà ó dáhùn tiyín tó bá ṣe tán. Ọ̀mọ̀wé, gbójú sókè. Dá mi lóhùn."